Ojú Tó Ríran Ló Ń Bo Èkejì Mọ́lẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Ojú Méjì Tí Agbára Wọn Kò Dọ́gba

Ọ̀pọ̀ àìsàn ojú ló ní ohun tó ń tú u fó. Àpólò á mú ojú pọ́n, á sì máa yọ ipin. Kataráátì á jẹ́ kí ọmọlójú funfun. Ojú tó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo ará ilé ló ń rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí ará ìta kì í rí àmì rẹ̀, tí ẹni tó ní in pàápàá kì í sì í mọ̀. Òun ni kí agbára ojú ọ̀tún má dọ́gba pẹ̀lú ti òsì, kí ọ̀kan máa kó ìmọ́lẹ̀ jọ síbi tó yẹ, kí èkejì máa kó o jọ síbi tí kò yẹ. Anisometropia ni àwọn oníṣègùn ojú ń pè é. Ọmọ tó ní in ń sáré láìkọsẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà tó dànù sílẹ̀, ó ń ka ohun tí tíṣà kọ sójú pátákó, nítorí ojú kan tó pé ló ń bá a ṣe gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ wà. Èrò tí mo fẹ́ fi ẹ̀rí tì lẹ́yìn níhìn-ín ni pé àìdọ́gba ojú fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń ṣe ìpalára tó pọ̀ jù, torí awò ojú lásán lè tún ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ṣe. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni pé ojú tó dára ń bo èkejì mọ́lẹ̀ títí ọjọ́ orí tí àtúnṣe rọrùn fi ń kọjá. Ó ń bò ó mọ́ ọmọ lójú, ó ń bò ó mọ́ òbí àti olùkọ́ lójú, àní ó ń bò ó mọ́ àwọn tó ń ka iye aláìríran lágbàáyé lójú pẹ̀lú: nínú òṣùwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń pín àwọn tí ìríran wọn dínkù sí ìsọ̀rí, ojú tó sàn jù nínú méjèèjì ni wọ́n ń wò. Ẹni tí ojú ọ̀tún rẹ̀ pé, tí tòsì rẹ̀ kò lè ka lẹ́tà tó tóbi jù lórí pátákó, kò sí nínú iye tí wọ́n ń kà.

Ẹyinjú ọmọ tuntun gùn tó nǹkan bíi mìlímítà 17 láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ti àgbà tó nǹkan bíi 24. Láàárín ọdún díẹ̀, ẹyinjú ní láti dàgbà, kí awọ iwájú rẹ̀ àti lẹ́ǹsì inú rẹ̀ sì bá gígùn náà mu, kí ìmọ́lẹ̀ lè balẹ̀ ṣánṣán sórí rẹ́tínà, ìyẹn awọ tó tẹ́ sí ẹ̀yìn ẹyinjú. Iṣẹ́ náà kò gba àṣìṣe: ìyàtọ̀ mìlímítà 1 péré nínú gígùn ń yí agbára ojú padà ní nǹkan bíi dáyọ́pítà 2.5 sí 3. Dáyọ́pítà yìí ni nọ́ńbà tí wọ́n máa ń kọ sínú ìwé awò. Lójú tèmi, pé ojú méjèèjì ọ̀pọ̀ èèyàn ń dàgbà dọ́gba ló yẹ kó yà wá lẹ́nu, ju pé ti àwọn kan kò dọ́gba lọ. Kò sí ẹni tí kò ní ìyàtọ̀ díẹ̀. Dáyọ́pítà 1 ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ààlà ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ti ìṣègùn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹyinjú kan ló gùn tàbí kúrú ju èkejì lọ. Ó tún lè jẹ́ pé awọ iwájú ojú kan tẹ̀ ju bó ti yẹ lọ níhà kan, tàbí kí ọgbẹ́ fi àpá sí i, tàbí kí wọ́n yọ lẹ́ǹsì ojú kan nítorí kataráátì láìfi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Franciscus Donders, oníṣègùn ará Netherlands tó ṣiṣẹ́ nílùú Utrecht, ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé ńlá kan tó jáde ní 1864. Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn ni alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, Herman Snellen, gbé pátákó lẹ́tà tó ń kéré sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀ jáde. Ó ti lé ní 160 ọdún tí ohun èlò tí a fi ń dá àìsàn yìí mọ̀ ti wà nílẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé ìmọ̀ ni kò tíì dé.

Ìyàtọ̀ kan náà kì í ṣe ìpalára kan náà o. Ojú méjèèjì kì í dá ṣe tiwọn bó bá di ọ̀rọ̀ kí lẹ́ǹsì inú ojú ki sí i láti fi wo nǹkan. Àṣẹ kan ṣoṣo ni ọpọlọ ń pa, iye kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń fi kún agbára wọn. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ kan tí ojú ọ̀tún rẹ̀ nílò àfikún dáyọ́pítà 1 kó tó lè rí ọ̀ọ́kán kedere, tí tòsì nílò 4. Lẹ́ǹsì inú ojú ọmọdé ṣì rọ̀, ó lè pèsè 1 yẹn láìmikàn, kò sì nílò awò. Ọpọlọ á pàṣẹ 1, ojú ọ̀tún á mọ́ kedere, ó parí. Ojú òsì ti gba 1 pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó ku 3 tí kò ní rí gbà láé, yálà òkè ló ń wò ni tàbí ìwé tó wà lọ́wọ́, nítorí bí ọmọ náà bá sún mọ́ ìwé, iye tí ọ̀tún nílò ni ọpọlọ á tún pàṣẹ. Kò sí ibi kankan, jíjìn tàbí itòsí, tí nǹkan ti máa hàn kedere sí ojú yẹn. Ẹ wá wo ọmọ kejì, tí ìyàtọ̀ tirẹ̀ jẹ́ 3 bákan náà, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ojú ọ̀tún rẹ̀ pé, òsì sì jẹ́ irú èyí tó ń rí itòsí tí kì í rí ọ̀ọ́kán. Ojú òsì yẹn kò rí òpin ọ̀nà, àmọ́ bí ìwé bá wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 33 sí i, ó ń kà á kedere láìṣe wàhálà kankan. Ó ní ibi tó ti ń ríṣẹ́ ṣe. Ìdí nìyí tí ìyàtọ̀ 1 sí 1.5 fi lè ba ìríran ọmọ àkọ́kọ́ jẹ́, nígbà tí ti ọmọ kejì sábà máa ń tó 2 tàbí 3 kó tó di ewu. Ẹni tó bá ń wo nọ́ńbà nìkan, tí kò béèrè irú ojú tó jẹ́, yóò fòyà níbi tí kò sí ewu, yóò sì sùn níbi tí ewu wà.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ nígbà tí ojú kan kò rí àwòrán tó mọ́ fi ránṣẹ́ sí i? David Hubel àti Torsten Wiesel wà lára àwọn tó gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1981, iṣẹ́ tí wọ́n sì ṣe lórí irú ìbéèrè yìí wà lára ohun tó sọ wọ́n di olókìkí. Ní Harvard, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, wọ́n rán ìpéǹpéjú ojú kan pa lára ọmọ ológbò, wọ́n sì ṣí i lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ẹyinjú kò ní àléébù, rẹ́tínà ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ ológbò kò fi ojú náà ríran, torí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó yẹ kó máa gbọ́ ti ojú náà ti di ti ojú kejì. Nígbà tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ológbò tó ti dàgbà, kò sí ohun tó yí padà. Bí ilẹ̀ ìdílé ló rí: ẹni tí kò bá wá nígbà tí wọ́n ń pín in, á bá ilé ẹlòmíràn lórí ìpín tirẹ̀. Ojú tí ọpọlọ ti pa tì báyìí ni ìṣègùn ń pè ní amblyopia. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti kà á, àwọn tó ní in máa ń wà láàárín 1 sí 3 nínú 100 èèyàn, àìdọ́gba ojú àti ojú tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ sì ni okùnfà méjèèjì tó gbajúmọ̀ jù.

Ẹnì kan lè sọ pé ológbò kì í ṣe èèyàn, pé ojú tí wọ́n rán pa kò sì jọ ojú tó kàn ń rí bàìbàì. Àtakò náà bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n ara ọmọ èèyàn fúnra rẹ̀ ti dáhùn. Bó bá jẹ́ ẹyinjú nìkan ló ní àléébù, ọjọ́ tí ọmọ bá wọ awò tó bá a mu ni ìríran rẹ̀ ì bá pé. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ìlà tí ojú náà ń kà lórí pátákó kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ló ń gòkè, fún oṣù mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́ǹsì kan náà, ẹyinjú kan náà. Ọpọlọ ló ń padà kọ́ iṣẹ́.

Àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ ti yí ìbéèrè náà po: ṣé àìdọ́gba ló ń fa amblyopia ni, àbí amblyopia ló ń dá àìdọ́gba sílẹ̀? Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe àwàdà. Ní 1995, Lynne Kiorpes àti Josh Wallman tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọ̀bọ tí wọ́n ti mú kí ojú wọn kan di aláìlágbára. Àìdọ́gba wá yọjú láàárín ojú náà àti èkejì, bí ẹni pé ẹyinjú tí ọpọlọ kò kà sí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dàgbà dé. A sì mọ̀ pé àìdọ́gba tí wọ́n bá rí lára ọmọ ọdún kan lè pòórá fúnra rẹ̀ kó tó di ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìwádìí ilẹ̀ Sweden fi hàn pé èyí tó tóbi, tó tó dáyọ́pítà 3, ni kì í sábà lọ. Èyí kọ́ wa pé kò yẹ ká máa sáré kó awò bo gbogbo ọmọ ọwọ́ lójú. Àmọ́ kò yí ohun tó yẹ ká ṣe fún ọmọ ọdún mẹ́rin padà. Èyí tó wù kó ṣáájú, lọ́jọ́ orí yẹn àwọn méjèèjì ti so mọ́ra, awò ló sì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú wọn.

Àtakò tó wúwo jù ni ti ẹni tó bá béèrè pé kí ló tilẹ̀ burú níbẹ̀. Ojú kan pé. Ṣebí èèyàn ń rí ọ̀nà rẹ̀ lọ. A kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ìbéèrè yìí sẹ́yìn, torí ẹ̀rí wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2006, Jugnoo Rahi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàgbéyẹ̀wò àwọn tí wọ́n bí ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1958, tí wọ́n ti ń tọpa wọn láti ìbí. Wọ́n fi àwọn tó ní amblyopia wé àwọn tí kò ní in: nínú ẹ̀kọ́, nínú iṣẹ́, nínú ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú èèyàn, wọn kò rí ìyàtọ̀ tó lápẹẹrẹ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé ọmọ tí ojú rẹ̀ kan kò ríran dáadáa kò ní lè kàwé, ó ń bu iyọ̀ sọ́rọ̀. Ohun tó sọnù kéré sí ìyẹn, ó sì ṣe kókó. Àkọ́kọ́ ni ọgbọ́n tí ojú méjì fi ń mọ jíjìn àti itòsí nǹkan: ẹni tí kò ní in lè wakọ̀, lè ránṣọ, ṣùgbọ́n á máa fi òjìji àti ìtóbi nǹkan méfò ibi tí etí abẹ́rẹ́ wà, ọwọ́ á sì máa tàsé níbi tí ti ẹlòmíràn ti ń bá a lẹ́ẹ̀kan. Èkejì ni ààbò. Rahi yìí kan náà ló ṣáájú ìwádìí mìíràn tó jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet ní 2002, lórí àwọn èèyàn 370 tí wọ́n ní amblyopia lójú kan, tí ojú rere wọn sì wá bàjẹ́. Wọ́n ṣírò pé, ó kéré tán, ẹni 1.2 nínú 100 àwọn tó ní amblyopia ni irú rẹ̀ yóò bá nígbà ayé wọn. Nínú àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ owó tẹ́lẹ̀, 35 péré nínú 100 ló lè máa bá iṣẹ́ lọ. Àwọn àgbà ní olójú kan kì í tàkìtì òró. Wàhálà ẹni tí ojú rẹ̀ kò dọ́gba ni pé ó ti ń tàkìtì láti kékeré, kò sì mọ̀ pé olójú kan ni òun.

Ìtọ́jú rẹ̀ rọrùn ju bí ọ̀pọ̀ òbí ti rò lọ. Awò ló ṣáájú. Ní 2006, PEDIG, ẹgbẹ́ àwọn oníwàádìí ojú ọmọdé tó fìdí kalẹ̀ sí Amẹ́ríkà, tẹ èsì kan jáde nípa àwọn ọmọ 84 tí wọn kò tíì pé ọdún 7, tí àìdọ́gba ti sọ ojú wọn kan di aláìlágbára. Awò nìkan ni wọ́n fún wọn. 77 nínú 100 ló fi ìlà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gòkè lórí pátákó lẹ́tà. Lára 27 nínú 100, àìsàn náà lọ pátápátá. Àwọn tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n máa ń bo ojú rere fún kí ọpọlọ lè fi túláàsì lo èkejì, ohun tí Buffon, onímọ̀ ẹ̀dá ará Faransé, ti dámọ̀ràn láti 1743. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí, kó wo ọmọ tí wọ́n lẹ ìbòjú mọ́ lójú nínú ooru. Òógùn ń tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ara ń yún un. Ọmọ á fi ìka gbé e díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, á yí orí, á máa yọjú gba ihò bíńtín yẹn wo tẹlifíṣọ̀n. Kì í ṣe oríkunkun ló ń ṣe é. Ojú tí wọ́n bò ni òun ti fi ń wo ayé láti ọjọ́ yìí.

Ohun tó mú ìrora yẹn dínkù ni ìwádìí, kì í ṣe àánú. Wọ́n ti máa ń bo ojú fún odidi ọjọ́ rí, títí PEDIG fi fi hàn ní 2003, lára àwọn ọmọ 189 tí àìsàn tiwọn mọ níwọ̀n, pé wákàtí 2 lójúmọ́ kò yàtọ̀ sí 6 lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ní 2002, wọ́n ti fi ìbòjú wé oògùn àtírópìnì, tí wọ́n ń kán sí ojú rere kí ó lè máa rí itòsí bàìbàì. Lára àwọn ọmọ 419, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn tó lo ìbòjú gòkè ní ìlà 3.16, àwọn tó lo oògùn gòkè ní 2.84; ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Àríyànjiyàn tó kù ni ìgbà tó yẹ kí ìbòjú bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí EuPatch, tó jáde ní 2024, rí i pé ó sàn kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 tí ọmọ ti ń wọ awò ju kí wọ́n dúró fún ọ̀sẹ̀ 18 lọ. Mo gba èsì náà fún àwọn tí ojú wọn ti bàjẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ní ìlú tí owó mọ́tò lọ sí ilé ìwòsàn ojú ti jẹ́ ìṣòro, ọmọ tí awò nìkan ń bá gòkè kò gbọdọ̀ di ẹni tí wọ́n fi ìbòjú lé sá. Àwọn ohun èlò tuntun tún ti dé, tó ń fi fídíò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ han ojú kọ̀ọ̀kan: àjọ FDA ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ọ̀kan, Luminopia, ní 2021 fún àwọn ọmọ ọdún 4 sí 7. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó gba ipò awò nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ kan tó ti ba nǹkan jẹ́ gan-an ni pé bí ọmọ bá ti kọjá ọdún 7, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: ọmọ tó kéré ló ń tètè gbà á. Àmọ́ ní 2005, PEDIG kan náà yẹ àwọn ọmọ 507 wò, láti ọdún 7 sí 17. Láàárín ọdún 7 sí 12, 53 nínú 100 àwọn tí wọ́n fi ìbòjú àti oògùn kún awò fún ló gòkè ní ìlà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti àwọn tó wọ awò nìkan jẹ́ 25. Láàárín ọdún 13 sí 17, àfikún náà kò ṣe bẹ́ẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́, àyàfi àwọn tí wọn kò tíì gba ìtọ́jú kankan rí: 47 nínú 100 wọn ló gòkè, nígbà tí ti awò nìkan jẹ́ 20. Nítorí náà, ẹni tó bá lé ọmọ ọdún 10 padà sílé láìfún un ní awò kò tẹ̀ lé ẹ̀rí. Ìlẹ̀kùn náà ń tì díẹ̀díẹ̀. Kò sí ọjọ́ kan pàtó tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí i.

Awò ní àléébù tirẹ̀, àgbàlagbà ni ó sì ń dà láàmú jù. Bí nọ́ńbà ojú ọ̀tún bá jìnnà sí ti òsì, àwòrán kan á tóbi ju èkejì lọ, ọpọlọ kò sì ní lè pa wọ́n pọ̀. Walter Lancaster ló fún un lórúkọ ní 1932, aniseikonia. Bí ẹni náà bá tún fojú sọlẹ̀ kàwé, tí kò gba àárín lẹ́ǹsì wò mọ́, lẹ́ǹsì méjèèjì á máa ti àwòrán síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: níbi tó fi sẹ̀ǹtímítà 1 jìnnà sí àárín, ìyàtọ̀ dáyọ́pítà 3 á mú kí nǹkan tó wà ní mítà 1 dà bíi pé ó fi sẹ̀ǹtímítà 3 ga ju ara rẹ̀ lọ lójú kan. Orí fífọ́ àti ìlà tó ń di méjì ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọmọdé sábà máa ń fara dà á, torí ẹ̀ wọ́n máa ń fún un ní nọ́ńbà tó pé. Àgbà ni wọ́n máa ń dín tirẹ̀ kù, tàbí kí wọ́n fún un ní lẹ́ǹsì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú, tí kì í jẹ́ kí ìtóbi àwòrán yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó burú sí jù ni ẹni tí kò ní lẹ́ǹsì nínú ojú kan mọ́, irú àwọn tí wọ́n gbé kataráátì lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ ìbílẹ̀ tó fi abẹ́rẹ́ tì í subú sẹ́yìn nínú ẹyinjú. Awò tó nípọn tí ojú bẹ́ẹ̀ nílò ń mú nǹkan tóbi ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin ju ti ojú kejì lọ. Kò sí ọpọlọ tó lè fara da ìyẹn. Ìdí pàtàkì kan nìyí tí iṣẹ́ abẹ tó fi lẹ́ǹsì tuntun rọ́pò ti àtijọ́ kò fi ṣeé fi wé abẹ́rẹ́ oníṣẹ́ ìbílẹ̀, kódà bí àwọn méjèèjì bá tilẹ̀ la ọmọlójú.

Ẹnì kan á wá sọ pé, ṣebí àwọn dókítà ojú fúnra wọn ń dá àìdọ́gba sílẹ̀. Lóòótọ́ ni: fún ẹni tó ti lé ní 45 ọdún, tí itòsí ti ń ṣòro fún, wọ́n lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ojú kan fún ọ̀nà jíjìn, kí wọ́n ṣe èkejì fún ìwé kíkà. James Buchanan, Ààrẹ Amẹ́ríkà láti 1857 sí 1861, ni wọ́n kọ nípa rẹ̀ pé ojú kan rẹ̀ ń rí itòsí, èkejì ń rí ọ̀ọ́kán, tí orí rẹ̀ sì máa ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn àgbà kò jọ ti ọmọdé. Àgbà ti gba ìpín ojú méjèèjì nínú ọpọlọ kó tó di pé wọ́n yà wọ́n nípa, ojú kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tó ti ń rí kedere. Ohun méjèèjì yìí gan-an ni ọmọ tí a mú ṣe àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ kò ní.

Bó bá jẹ́ pé bíbò mọ́lẹ̀ ni ìṣòro, àyẹ̀wò ni ìdáhùn, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò pẹ̀lú ti kojú ìjà. Ní 1997, àgbéyẹ̀wò kan tí Snowdon àti Stewart-Brown ṣe ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé kò sí ẹ̀rí tó dúró ṣinṣin pé àyẹ̀wò ojú ọmọdé ṣáájú ilé-ẹ̀kọ́ ní èrè. Inú bí ọ̀pọ̀ oníṣègùn. Síbẹ̀ òótọ́ ni wọ́n sọ nígbà náà, ariwo náà ló sì mú kí àwọn ẹlòmíràn lọ wá ẹ̀rí. Ní 2003, Clarke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ 177: àwọn tí ojú wọn kan bàjẹ́ níwọ̀n jèrè ìtọ́jú dáadáa, àwọn tí tiwọn kéré kò fi bẹ́ẹ̀ jèrè, dídúró di ọdún 5 kò sì ba nǹkan jẹ́. Ní agbègbè Bristol, ìwádìí tó jáde ní 2002 rí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n yẹ̀ wò léraléra láti oṣù 8 kò ní amblyopia ju 0.6 nínú 100 lọ nígbà tí wọ́n pé ọdún 7 àti ààbọ̀. Ti àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan ní oṣù 37 jẹ́ 1.8. Ní Sweden, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ọmọ ọdún 4 wò láti àwọn ọdún 1970, amblyopia tó le gan-an wálẹ̀ láti 2 nínú 100 sí 0.2. Èsì wọ̀nyí kò pa ohùn pọ̀ lórí ọjọ́ orí, mi ò sì rò pé ó yẹ ká fi agbára pa á pọ̀. Ibi tí gbogbo wọn pàdé ni pé ọdún 4 sí 5 kò tíì pẹ́ jù, àti pé ẹni tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò rárá ni yóò pàdánù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti mú ọdún 4 sí 5. Amẹ́ríkà ní kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ó kéré tán, láàárín ọdún 3 sí 5.

Ní Nàìjíríà, ìwádìí ojú ńlá tí wọ́n ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè láàárín 2005 sí 2007, àwọn tó ti pé ogójì ọdún sókè ló wà fún. Ó sọ ohun tó wúlò gan-an: nínú àwọn tí ìríran wọn dínkù níwọ̀n, 57.1 nínú 100 ló jẹ́ pé awò ni wọn kò ní. Ṣùgbọ́n ojú tó sàn jù ni wọ́n fi pín wọn sí ìsọ̀rí, wọn kò sì ka ọmọdé. Àwọn kan á ní kataráátì àti gìlókómà ló yẹ kó gba àwọn dókítà ojú tó kéré níye tí a ní. Mo gbà pẹ̀lú wọn, nítorí àyẹ̀wò tí mò ń sọ kò nílò dókítà. Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi lè ṣe é, bí wọ́n bá kọ́ ọ. Àwọn òbí tó ń bẹ̀rù pé awò á sọ ojú ọmọ di ọ̀lẹ, tàbí pé ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa pè é ní olójú mẹ́rin, ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ẹ̀rí àwọn ọmọ 84 yẹn ni kí wọ́n gbé ka iwájú wọn, pé àìwọ awò ló ń sọ irú ojú yìí di ọ̀lẹ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe àyẹ̀wò náà ló sábà máa ń bà á jẹ́. Wọ́n á ní kí ọmọ fi ọwọ́ bo ojú kan; ọmọ á la ìka, á fi ojú rere yọjú láàárín wọn, á ka gbogbo ìlà tán, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú méjèèjì pé. Pátákó tí wọ́n ya lẹ́tà E tó kọjú sí ọ̀nà oríṣiríṣi sí dára fún ọmọ tí kò tíì mọ lẹ́tà: mítà 6 ni kó wà sí i, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ọmọ máa fi ìka ara rẹ̀ tọ́ka sí ibi tí ẹsẹ̀ lẹ́tà náà kọjú sí. Òwú tí wọ́n fi báńdéèjì lẹ̀ mọ́ ojú ló dára, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́. Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún tàbí tó ń já òwú kúrò nígbà tí wọ́n bo ojú kan, tó sì jókòó jẹ́ẹ́ nígbà tí wọ́n bo èkejì, kí wọ́n kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Kí wọ́n má sì wo ibi tí ojú kọ̀ọ̀kan kà dé nìkan; ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì ni wọ́n ń wá. Ọmọ tí ojú ọ̀tún rẹ̀ ka ìlà tó kéré jù, tí tòsì dúró ní ìlà méjì sókè sí i, kí ó lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, ì báà jẹ́ pé òun ló máa ń gbapò kìíní nínú kíláàsì.